Kíka Ẹ̀jẹ̀ bí Ìwé: Láti Orúkọ Àbíkú dé Èsì Àyẹ̀wò



Mo mọ̀ pé yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ni láti fa ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sì ni láti wò ó kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìwé ni a ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́. Lẹ́tà wà nínú rẹ̀, òǹkà wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni sì wà ní orí rẹ̀. Ìwé kíkà sì ni iṣẹ́ tí mo ti ń jẹ nídìí rẹ̀ láti ìgbà èwe mi. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé èsì àyẹ̀wò rí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pè kò tí ì mọ̀ ọ́n kà.

Ìlú Abẹ́òkúta ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859, tí àwọn Ẹ̀gbá sì fi bẹ̀rẹ̀ sí ka ìròyìn ní èdè ara wọn. Ìlú yìí kan náà ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, tí Fadá Coquard jẹ́ aṣáájú wọn nínú iṣẹ́ ìwòsàn, ti dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895, èyí tí a kà sí ilé ìwòsàn tí ó pẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìwé àti ìwòsàn ti jọ ń gbé láàárín wa fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè mi lónìí ni pé, ṣé a ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé tí ìwòsàn ń kọ?

1. Orúkọ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀

Kí yàrá àyẹ̀wò tó dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìtàn ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Orí ọmọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ikú bá ti pa ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, nínú ilé kan náà, ọmọ tí ó bá tẹ̀lé wọn kì í jẹ́ Adé tàbí Ọlá lásán. Yóò jẹ́ Málọmọ́, tí í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó lè jẹ́ Dúrójayé, tí í ṣe ìpè síbi adùn ayé, tàbí Kòsọ́kọ́, tí í ṣe ìkìlọ̀ pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín kò sí mọ́. Bánjókòó ń rọ ọmọ kí ó jókòó ti òbí rẹ̀; Kúkọ̀yí ń kéde pé ikú ti kọ èyí. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn fún un. Ó ti mọ̀ pé ẹkún ti sọ nínú ilé náà rí.

Ní ọdún 1937 ni a bí ọmọ kan ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí baba rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Káṣìmáwòó ni wọ́n sọ ọ́: ká ṣì máa wò ó ná. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni a pa pọ̀ di orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ 22 ni ó wà nínú rẹ̀. N kò sọ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa àwọn ọmọ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ náà jẹ́ àkọsílẹ̀, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò kà á.

Àwọn òǹkọ̀wé wa kò gbójú fo ọ̀rọ̀ yìí. Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó kọ ewì tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Abiku. Nínú ìwé ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tí ó jáde ní 1981, Ṣóyínká sọ̀rọ̀ nípa Bùkọ́lá, ọmọ ẹni tí ń tàwé ní Aké, tí gbogbo ilé gbà pé àbíkú ni, tí ìyá àti baba rẹ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí wọ́n ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Lámèyítọ́ lè wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àti àpẹẹrẹ. Òbí tí ó bí i kò rí àmì kankan. Ọmọ ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn baba wa ní ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ikú ọmọ máa ń tún ilé kan náà yà. Wọ́n ṣàkíyèsí pé irora tí ó mú ẹ̀gbọ́n ni ó tún ń mú àbúrò, pé ọmọ lè dá ṣáṣá lónìí kí ó sì dùbúlẹ̀ lọ́la. Àkíyèsí tòótọ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, Dókítà Konotey-Ahulu lo irú ìrántí ìdílé bẹ́ẹ̀ láti tọ ipasẹ̀ àrùn yìí nínú ẹbí tirẹ̀ padà sí nǹkan bí ọdún 1670. Ibi tí àwọn baba wa ti ṣi ìwé kà ni ibi ẹni tí ó jẹ̀bi. Wọ́n dá ọmọ lẹ́bi pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run. Wọ́n sá òkú rẹ̀ ní àmì kí ó má baà padà wá. Nígbà mìíràn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń nawọ́ sí. Nígbà tí gbogbo oògùn sì kùnà, wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn di èké.

Kí a má sì ṣe àṣejù. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀. Ibà, éèyí, ìgbẹ́ gbuuru àti ipá ọmọ tuntun pa àìmọye ọmọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìlera láti 1985 sí 1992. Ó wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ọn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí lè dá ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró láyé.

2. Lẹ́tà kan tí ó yí padà

Ní 1910, James Herrick, oníṣègùn ní ìlú Chicago, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò amúǹkantóbi, àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto ti tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hìmóglóbìn ni àléébù náà wà, èyíinì ni èròjà pupa tí ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Vernon Ingram fi rí ojú ibi náà gan-an. Nínú ẹ̀wọ̀n kan lára hìmóglóbìn, èròjà 146 ni a tò tẹ̀lé ara wọn. Ìkẹfà nìkan ni ó yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣe kàyéfì pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè pa odidi nǹkan dà. Ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ̀ ni a wọ̀ lọ sí Èkó, ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àmì kan bá ṣìnà, gbólóhùn dàrú. Bí èròjà kan bá ṣìnà nínú hìmóglóbìn, hóró ẹ̀jẹ̀ yóò tẹ̀, yóò le, yóò dí ojú iṣan, irora yóò sì dé sínú egungun. Àìsàn yìí ni a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ náà ṣì ń rántí àbíkú: ẹni tí ó kú lónìí tí ó sì dìde lọ́la.

3. Lẹ́tà méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé èsì náà. Níbi tí wọ́n ti kọ jẹ́nótáìpù, ẹ óò rí lẹ́tà méjì: AA, AS, SS, AC tàbí SC. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, èéṣe tí ó fi jẹ́ méjì?

Ẹni tí ó bá ti wo ọpọ́n Ifá rí yóò tètè lóye rẹ̀. Odù kì í ní apá kan. Ó ní apá ọ̀tún, ó ní apá òsì. Bí apá méjèèjì bá bá ara wọn mu, a ó pè é ní Èjì Ogbè tàbí Ọ̀yẹ̀kú Méjì. Bí wọn kò bá bá ara mu, àmúlù ni, a ó sì pe orúkọ apá méjèèjì, bí i Ogbè-Ìwòrì. Kò sí babaláwo tí í ka apá kan kí ó sì fi ìkejì sílẹ̀. N kò sọ pé Ifá mọ hìmóglóbìn o. Àfiwé lásán ni. Ṣùgbọ́n bí odù ti rí ni jẹ́nótáìpù rí. Lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ baba wá, èkejì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. AA jẹ́ méjì tí ó dára. SS jẹ́ méjì tí ó ní àléébù, òun sì ni ó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. AS jẹ́ àmúlù.

Níhìn-ín ni òye mi ti wà. Ìwé yìí ti tú ẹjọ́ àbíkú ká. Ọmọ kò jẹ̀bi, nítorí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè lẹ́tà tí ó fẹ́. Ìyá nìkan kò sì lè jẹ̀bi, nítorí S kan ṣoṣo kò tó láti di SS. Baba ti mú tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá ń nawọ́ sí ìyàwó nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò.

AS kì í ṣe àìsàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni ó sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn láìmọ̀. Àǹfààní kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀: ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ó ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà líle. Ìdí nìyí tí S fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bí tiwa. Lẹ́tà C náà wà láàárín àwa Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn Odò Ọya. Ẹni tí ó bá jẹ́ AC kí ó má ṣe wí pé, “Èmi kò ní S.” Bí AC bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SC, àìsàn sì ni SC pẹ̀lú.

Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ìpín kan pé yóò jẹ́ AA, ìpín méjì pé yóò jẹ́ AS. Mo tẹnu mọ́ “oyún kọ̀ọ̀kan” nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi gbólóhùn yìí kà. Wọ́n rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ẹyọ tí a dà sílẹ̀ kì í rántí bí ó ṣe ṣubú lánàá. Ilé kan lè bí mẹ́rin kí wọ́n bọ́, ilé mìíràn lè bí mẹ́ta kí gbogbo wọn jẹ́ SS.

4. Nígbà tí ẹ̀dà méjì kò bá ara mu

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wọ yàrá iṣẹ́ mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀. Ìwé èsì méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti yàrá àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan ní AA ni, èkejì ní AS ni. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ jẹ́ AS. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo ni kí n gbà gbọ́?” Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yan èyí tí ó fẹ́ gbà gbọ́.

N kò mọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí à ń ṣe bí ẹ̀dà méjì ewì kan náà bá yàtọ̀ síra. A kì í mú èyí tí ó dùn mọ́ wa. A ń béèrè ẹni tí ó kọ ọ́, ìgbà tí ó kọ ọ́ àti bí ó ṣe kọ ọ́, a sì ń wá ẹ̀dà kẹta tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù. Mo rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ó péye. Èsì kẹta sọ pé AS ni. Ìgbéyàwó náà kò wáyé mọ́. Ó dun àwọn méjèèjì púpọ̀. N kò ní parọ́ fún yín. Lónìí, oníkálukú wọn ti ní ilé tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ó gbà, àṣìṣe òǹkọ̀wé kan lè di gbèsè tí ọmọ tí a kò tí ì bí yóò san.

Báwo ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a fi iná mànàmáná lé hìmóglóbìn rìn lórí bébà pẹlẹbẹ: A ni yóò ṣáájú, S yóò tẹ̀lé e, C yóò gbẹ̀yìn. Bí ojú ẹni tí ń wò ó kò bá mọ́, tàbí bí oògùn tí a lò bá ti bàjẹ́, yóò ṣì í kà. Orúkọ lè ṣìnà lára ìgò. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára láàárín oṣù mẹ́ta lè gbé èsì ẹlẹ́jẹ̀ náà wálé. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ṣì kún fún hìmóglóbìn inú oyún, nítorí náà ó ń fẹ́ àyẹ̀wò àkànṣe. Àyẹ̀wò kan tún wà tí ó ń sọ pé S wà tàbí pé kò sí, ṣùgbọ́n tí kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbéyàwó ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì, kí ó sì ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra, kì í ṣe nígbà tí aṣọ ẹbí bá ti délé.

5. Òǹkà kò dá dúró

Yàtọ̀ sí lẹ́tà, òǹkà pọ̀ nínú ìwé náà. Òfin mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ilé.

Èkínní, ẹ wo òṣùwọ̀n kí ẹ tó wo iye. Bí ìwé kan bá ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tí ì jẹun jẹ́ 5, tí ìwé kejì ní 90, ẹ má pariwo. Ìkínní fi mílímóòlù nínú lítà wọ̀n ọ́n, èkejì fi mílígíráàmù nínú ìdá mẹ́wàá lítà wọ̀n ọ́n. Iye kan náà ni wọ́n, bí ẹni pe náírà 5 ní kọ́bọ̀ 500.

Èkejì, ẹ wo ààlà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ iye, kí ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe fà á. Wọ́n sábà máa ń fà á kí ènìyàn 95 nínú 100 tí ara wọn le lè wà láàárín rẹ̀. Márùn-ún yòókù bọ́ síta láìṣàìsàn. Bí a bá ṣe ogún àyẹ̀wò tí kò fara kan ara wọn fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ó ju ìdajì lọ pé ọ̀kan ó kéré tán yóò jáde kúrò láàárín ààlà. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé lára ta ni wọ́n ti fa ààlà náà. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le koko ni hóró ẹ̀jẹ̀ funfun wọn kéré sí ohun tí ìwé àwọn òyìnbó là sílẹ̀. Àbùdá kan tí ó gbilẹ̀ láàárín wa ni ó fà á, kì í ṣe àìsàn. Fífi ààlà ẹlòmíràn ka ẹ̀jẹ̀ wa dà bí ìgbà tí a bá fi gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì ka ìjálá.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀. PCV jẹ́ ìpín tí hóró pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, nínú 100. Nǹkan bí 40 sí 54 ni a sábà ń rí lára ọkùnrin, 36 sí 48 lára obìnrin. Bí PCV ọkùnrin tí ara rẹ̀ ti ń le tẹ́lẹ̀ bá já sí 24, wàhálà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ SS lè wà ní 24 láti ọdún dé ọdún kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí dókítà rẹ̀ yóò béèrè ni iye tí ó máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òǹkà kan náà ni, ìtumọ̀ méjì ni. Ìdí nìyí tí ìwé èsì fi gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ aláìsàn, kì í ṣe sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ìkádìí

Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní àárín abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn nítòsí, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ó yé e ni pé ènìyàn kì í gbà ìwòsàn ní èdè tí kò gbọ́. Ìwé èsì àyẹ̀wò ṣì ń dé ọwọ́ ìyá ọlọ́jà ní Ìtòkú àti ní Láfẹ́nwá ní èdè tí kò gbọ́. Iṣẹ́ àwa tí a wà ní Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ yìí ni láti jókòó ti àwọn oníṣègùn, kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yé ni fún ohun tí ó wà nínú ìwé náà, kí nọ́ọ̀sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìwé èsì ń jẹ́rìí, kì í dájọ́. A ti gbọ́ ẹ̀rí pé S kò túmọ̀ sí ikú. Ọmọ SS tí a tètè mọ̀, tí a ń fún ní oògùn ìdènà, tí a ń dáàbò bò lọ́wọ́ ibà, tí a sì ń fún ní hydroxyurea bí dókítà bá ti là á sílẹ̀, ń dàgbà, ó ń kàwé, ó ń bímọ. Ní 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí ń tún àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe. Owó rẹ̀ ṣì jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn baba wa ka ẹ̀jẹ̀ lórí orúkọ ọmọ nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè kà. Àwa ní ìwé lọ́wọ́. Bí ọmọ kan ní Ẹ̀gbá bá tún ń jẹ́ Káṣìmáwòó, kí ó jẹ́ nítorí pé a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún baba ńlá rẹ̀, kí ó má jẹ́ nítorí pé a kọ̀ láti kàwé.